Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀ Ẹni Tó Ń Mu Ọtí

Ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń fún èèyàn ní láàbù kì í sábà ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ àyẹ̀wò á wà lápá òsì, nọ́ńbà á tẹ̀ lé e, ìwọ̀n tí wọ́n kà sí déédéé á tẹ̀ lé nọ́ńbà, wọ́n á wá fi lẹ́tà H sí iwájú èyí tó ga jù, L sí iwájú èyí tó lọ sílẹ̀. H ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá. Bí wọn ò bá ti rí i, wọ́n á ní “Ọlọ́run ṣeun, kò sí nǹkan kan,” ẹni tó ń mu ọtí á sì padà sídìí ìgò rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí pé ẹ̀dọ̀ tí ọtí ti bà jẹ́ gan-an lè mú ìwé jáde tí kò ní H kankan níwájú ẹ́ńsáìmù rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀.

Mo kọ èyí fún ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, yálà òun fúnra rẹ̀ ló ń mutí, tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí bàbá rẹ̀. Kò lè rọ́pò dókítà. Ohun tó máa ṣe ni pé kí ẹ mọ ohun tí ìwé ń sọ, kí ẹ sì mọ ìbéèrè tí ẹ máa bi dókítà.

Kí á tó lọ síbẹ̀: bí ojú bá ti pọ́n rúsúrúsú, bí ikùn bá ń wú tí ẹsẹ̀ náà sì ń wú, bí èèyàn bá bì ẹ̀jẹ̀, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń sùn lọ́sàn-án tí kò sì lè sùn lóru, ẹ má jókòó ka ìtọ́sọ́nà kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lónìí.

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń mu sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí gbogbo nọ́ńbà tó kù ní ìtumọ̀. “Mo ń mu díẹ̀díẹ̀” kò wúlò fún dókítà. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní gíráàmù. Iye mílílítà tó wà nínú ìgò, ẹ fi ìdá ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 100, kí ẹ wá fi 0.789 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìgò bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5% ń gbé nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí gidi. Ọtí inú ọ̀rá tó jẹ́ 30ml, tó bá jẹ́ 40%, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 10. Ọ̀rá mẹ́ta lóòjọ́ ti ju ìgò bíà ńlá kan lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń mu ún lè máa sọ pé òun kì í mu bíà rárá.

Ògógóró kò ní nọ́ńbà lára. Agbára rẹ̀ yàtọ̀ láti ibi tí wọ́n ti sè é sí ibòmíràn, ó sì lè ju ti ọtí inú ọ̀rá lọ. Ẹ kọ iye ife àti bí ife náà ṣe tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹmu: ti àárọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ kò le tó ti ìrọ̀lẹ́ tó ti kan.

Páràga ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ẹni tó ń tà á ní gáréèjì á to ìgò rẹ̀ sórí tábìlì, ọ̀kan fún jẹ̀díjẹ̀dí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn dídùn, ọ̀kan fún agbára ọkùnrin. Èèpo igi àti gbòǹgbò ló wà nísàlẹ̀ ìgò, ògógóró ló kún un dé ọrùn. Ẹni tó ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́ máa ń sọ fún dókítà tọkàntọkàn pé òun kì í mutí, oògùn ni òun ń lò. Ọtí ni. Ẹ kà á mọ́ ọn.

Kí ojú yín lè mọ ìwọ̀n: ní Ìlú Ọba, àwọn tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìlera ní kí èèyàn má ṣe kọjá yúnítì 14 lọ́sẹ̀ kan, yúnítì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ gíráàmù 8. Gíráàmù 112 nìyẹn, kò tó ìgò bíà ńlá márùn-ún láàárín ọjọ́ méje. Ìwọ̀n ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá nìyẹn o. Fún ẹni tí ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, òfo ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ mu ọtí kẹ́yìn. Ẹ kọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò, pàápàá parasítámọ̀, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn wárápá. Bí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ sí ìdí, tàbí ẹ ru ẹrù tó wúwo gan-an láàárín ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́, nítorí AST, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù náà, wà nínú iṣan ara pẹ̀lú, ó lè ti ibẹ̀ gòkè.

Àwọn kan máa ń dá ọtí dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìwé lè dára. Ẹ má ṣe é. AST tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà ìwé tí ẹ tún ṣe báyìí á tan dókítà jẹ. Fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí lára, dídá a dúró lójijì léwu lọ́nà míì tí mo máa sọ níwájú.

Ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ kò béèrè pé kí ẹ gbààwẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun, ó lè jẹ́ torí àyẹ̀wò ṣúgà tàbí ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ ṣe pọ̀ mọ́ ọn.

2. Ẹ pín orúkọ inú ìwé sí ọ̀nà méjì

ALT, AST, GGT àti ALP ni ẹ́ńsáìmù. Àwọn láàbù kan ṣì ń lo orúkọ àtijọ́: SGPT ni ALT, SGOT ni AST. Bilirubin, ìdọ̀tí aláwọ̀ ìyeyè inú ẹ̀jẹ̀, àti albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ni wọ́n ń fi hàn. INR, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì, àti platelet, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í sábà sí nínú ìwé yìí. Ẹ ní láti béèrè fún wọn lọ́tọ̀, ẹ sì béèrè.

Ẹ wo ẹ̀dọ̀ bíi kèǹgbè tó kún fún epo, kí ẹ́ńsáìmù jẹ́ epo náà. Bí kèǹgbè bá sán, epo á jò síta, nọ́ńbà á gòkè. Ohun tí ALT àti AST ń sọ ni pé ìsán ń lọ lọ́wọ́. Wọn kò sọ bí kèǹgbè náà ṣe gbó tó. Bí ó bá wá di pé epo inú rẹ̀ ti tán, ìsán lè pọ̀ kí ohun tó ń jò má tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti di kìkì àpá, tó ti le gbagidi, fi lè ní ALT 28, kó sì máa ṣe bí ẹni pé ara òun yá.

3. Ìwọ̀n tí láàbù yín kọ ni kí ẹ fi wé, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ láàbù fi ìwọ̀n ALT àti AST tó ga jù sí nǹkan bíi 40. Ṣùgbọ́n àwọn láàbù kan nílé wa ń lo ọ̀nà àtijọ́ tí Reitman àti Frankel gbé jáde lọ́dún 1957, èyí tí wọ́n ń wo àwọ̀ omi rẹ̀, níbẹ̀ ìwọ̀n tó ga jù lè jẹ́ 12. AST 30 tó dára ní láàbù kan á jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀ ní òmíràn. Tí ẹ bá ṣe àyẹ̀wò méjì ní láàbù méjì, ẹ má fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Ẹ pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n tó ga jù lórí ìwé tirẹ̀, kí ẹ fi ìlọ́po wé ìlọ́po. Ohun tó dára jù ni kí ẹ máa padà sí láàbù kan náà.

Bilirubin náà ní ìdẹkùn tirẹ̀: àwọn kan ń kọ ọ́ ní mg/dL, àwọn kan ní µmol/L. Ọ̀kan nínú ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi 17 nínú ti èkejì.

Bí láàbù bá kọ “haemolysed” sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ náà ti fọ́ nínú ìgò. AST wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, nítorí náà kò sí ohun tí nọ́ńbà AST ìwé yẹn lè sọ. Kí wọ́n tún un gbà. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde náà lè ní AST tó ga nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ lára, láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló fà á.

4. Ẹ fi ALT pín AST

Lọ́dún 1957 náà ni Fernando De Ritis, ará Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ìwọ̀n ẹ́ńsáìmù méjèèjì sí ara wọn ní ohun tó ń sọ. Nínú ẹ̀dọ̀ tí ọtí mú wú, AST sábà máa ń ju ALT lọ, ó sì máa ń tó ìlọ́po kan ààbọ̀ tàbí méjì. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Apá kan AST ń gbé inú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, ibẹ̀ sì ni ọtí máa ń bà jẹ́. Èkejì ni pé àwọn tó ń mutí púpọ̀ kì í ní fítámì B6 tó, ALT sì nílò fítámì yẹn ju AST lọ kó tó lè fara hàn.

Nọ́ńbà wọn kì í sì ga lọ títí. Kí ọtí nìkan gbé AST kọjá 400 ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá rí 900 tàbí 2,000, ẹ má gbà pé ọtí ló dá a ṣe. Ó lè jẹ́ parasítámọ̀ tí ẹni náà lò jù, ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn Hepatitis tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Bí ALT bá ju AST lọ, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ tàbí Hepatitis B ni dókítà á kọ́kọ́ máa rò, kódà lára ẹni tó ń mutí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti di àpá, ohun yòówù kó fà á, AST máa ń padà ju ALT lọ. Nítorí náà ìṣirò yìí ń tọ́ka ni, kì í dá ẹjọ́.

5. GGT kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ẹ fi máa mú èèyàn ní òpùrọ́

Ọtí ń gbé GGT sókè, lóòótọ́. Àmọ́ ara sísanra ń gbé e sókè, àtọ̀gbẹ ń gbé e sókè, oògùn wárápá bíi phenytoin àti carbamazepine ń gbé e sókè, kí ọ̀nà òróòro dí náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi GGT nìkan dojú kọ bàbá yín pé ó ti tún padà sídìí ọtí. Ó ń dín sí ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ẹni tó ti dá ọtí dúró lóòótọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè ṣì ní nọ́ńbà tó ga. Ibi tó ń lọ ni kí ẹ máa wò. MCV, tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó, máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó padà sípò. Bí ó bá pọn dandan láti mọ̀ bóyá èèyàn mutí láìpẹ́, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PEth ni ọ̀nà tó ṣe é gbára lé jù. Ìwọ̀nba láàbù ló ń ṣe é.

ALP kì í sábà ga púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọtí. Bí òun àti GGT bá jọ ga gan-an, kí wọ́n fi scan wo ọ̀nà òróòro. Ọmọ tó ń dàgbà àti aláboyún máa ń ní ALP tó ga láìsí àìsàn kankan.

6. Ẹ wá wo àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe kù sí

Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré pẹ̀lú dókítà, ibí yìí ni kí ẹ lò ó sí. Bilirubin tó ga túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ kò lè kó ìdọ̀tí jáde bó ṣe yẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe albumin, nítorí náà èyí tó wà lábẹ́ 35 g/L ń fi hàn pé iṣẹ́ ń dínkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìjẹun dáadáa àti àrùn míì lè fà á. INR tó ga ń sọ ohun kan náà, òun ló sì ń tètè yí padà jù. Platelet tó lọ sílẹ̀ sí abẹ́ 150 lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá mọ́, àpá ti dí i.

Ká ní ọkùnrin ẹni ọdún 52 kan mú ìwé yìí wá, ìwọ̀n tó ga jù fún AST àti ALT jẹ́ 40: AST 148, ALT 61, GGT 412, ALP 118, bilirubin 38 µmol/L, albumin 31, platelet 96. Ojú rẹ̀ kò tíì pọ́n, torí bilirubin á di nǹkan bíi 45 kó tó hàn síta. Ẹ fi 61 pín 148, ẹ ó rí nǹkan bíi 2.4. Ọtí ń tọ́ka ara rẹ̀. GGT fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n albumin àti platelet ni ó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀, torí wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́.

Ìṣirò kan wà tó ń jẹ́ FIB-4 tí ẹ lè fi fóònù ṣe. Ẹ fi ọjọ́ orí sọ AST di púpọ̀, 52 àti 148, ó di 7,696. Ẹ tẹ ALT, ẹ tẹ àmì √, 61 á di 7.81. Ẹ fi platelet sọ ìyẹn di púpọ̀, 96 àti 7.81, ó di nǹkan bíi 750. Ẹ fi 750 pín 7,696, ó lé díẹ̀ ní 10. Bí èsì bá wà lábẹ́ 1.3, kò dájú pé àpá ti pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Bí ó bá kọjá 2.67, ó ṣeé ṣe gan-an. Ìṣirò yìí máa ń sọ àsọdùn nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ṣì ń wú lọ́wọ́, kì í sì í ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 35. Bí ó ti wù kó rí, 10 kò ṣeé fojú fò. Ó yẹ kí ọkùnrin yìí ṣe scan ikùn, àti FibroScan tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀ níbi tí ó bá wà. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní dókítà tó jẹ́ pé ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ ní kí dókítà àdúgbò yín kọ lẹ́tà fún yín.

Bí ojú ẹni tó ń mutí púpọ̀ bá pọ́n, dókítà máa ń fi bilirubin àti àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì ṣírò ohun tí wọ́n ń pè ní Maddrey. Láti 32 lọ sókè, àìsàn náà le gan-an, ọsibítù ni ibi tó yẹ ẹ́.

7. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ọtí

Hepatitis B wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Òun àti ọtí nínú ẹ̀dọ̀ kan náà burú ju kí ọ̀kan dá wà lọ. Kò sí ìdí tí ẹni tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ga ní Nàìjíríà kò fi ní ṣe àyẹ̀wò HBsAg (ti Hepatitis B), ti Hepatitis C àti ti HIV. Bí dókítà kò bá dárúkọ rẹ̀, kí ẹ̀yin dárúkọ rẹ̀.

Mo ti rí àwọn tí ẹ̀rù bà tí wọ́n ní kí àwọn fi àgbo “fọ ẹ̀dọ̀”. Mo bẹ̀ yín. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló máa ṣe iṣẹ́ lórí àgbo náà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ dá a dúró títí dókítà á fi sọ̀rọ̀. Parasítámọ̀ ṣì ṣeé lò fún ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà sábà máa ń ní kí ẹni tí ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ má kọjá gíráàmù 2 lóòjọ́, ìyẹn hóró mẹ́rin ti 500mg. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibuprofen àti diclofenac, torí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ikùn.

8. Dídá ọtí dúró, lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò kejì

Kò sí oògùn tó ṣe bẹbẹ fún ẹ̀dọ̀ bíi kí ọtí tán pátápátá. Ọ̀rá tí ọtí kó sínú ẹ̀dọ̀ lè pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí àpá tó ti gbilẹ̀ kì í lọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ àyàfi tó bá mu ún, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ara rẹ̀ lè máa jàn bíi ti oníwárápá, ó lè máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Oògùn wà tí dókítà fi ń mú un sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì máa ń fún un ní fítámì B1 kí ọpọlọ má bàa bà jẹ́.

Ẹ tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àyàfi bí dókítà bá ní kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ọkùnrin ẹni ọdún 52 yẹn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dá ọtí dúró: AST 52, ALT 38, GGT 121, albumin 32, platelet 99. Ìyàwó rẹ̀ á yọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìsán náà ń dí. Ṣùgbọ́n ẹ wo albumin àti platelet, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹni tó bá wo AST nìkan á ní ó ti yá. Oṣù púpọ̀ láìsí ọtí ló kù, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ẹran, ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà, torí ebi kò gbọdọ̀ pa ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Ìpápánu kí ó tó sùn lálẹ́ dára fún un.

Ẹ kó gbogbo ìwé èsì sínú fáìlì kan, èyí tó pẹ́ jù nísàlẹ̀. Bí scan bá fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ti le, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ìgbà wo ni scan tó kàn, torí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é láti tètè rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀; ṣé ó yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú; àti, bí HBsAg kò bá sí lára rẹ̀, ibo ni ó ti lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà.